Ó ń jò, ó lu, ó sán, àbí ojú rẹ̀ ló ṣí?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò.

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ fún àkójọ ọ̀rọ̀ mọ́tò wa ní Yorùbá, lórí orúkọ tí a ó fún àìsàn ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ ń gba ibi tí kò yẹ jáde lábẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Òmù-Àrán dábàá "jíjò èéfín". Àbúrò wa ní Tánkẹ́, Ìlọrin, ní "àyọjáde" ló tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹnì kan wá béèrè pé kí ni a ó pe èyí tí wọ́n tún ṣe lónìí, tó tún padà dé lóṣù tó ń bọ̀. Ìbéèrè yẹn ló mú mi dá sí i, torí mo rò pé orúkọ tí à ń pè é wà lára ohun tó ń jẹ́ kó máa padà wá.

Kí n gbà fún ẹ̀gbọ́n níbi tó yẹ ká gbà fún wọn. Àwọn kan ní omi nìkan ló ń jò. Ìyẹn ti kọjá. Ilé ìdáná wo ni wọn ò ti ń pariwo pé gáàsì ń jò? Àwọn mìíràn ní ihò ara páìpù a máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé pẹ̀lú, jò ò sì lè gbé ìyẹn. Òótọ́ ni pé ó ń fà á. Ẹ́ńjìnnì kì í tú èéfín jáde bí omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn. Pù, pù, pù ló ń tú u, bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń ṣí. Láàárín pù kan sí èkejì, agbára afẹ́fẹ́ inú páìpù lè rẹlẹ̀ ju ti ìta lọ, afẹ́fẹ́ á sì yọ́ wọlé. Bí ihò náà bá wà ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ohun tó ń wọ̀n ọ́síjìn inú èéfín, sẹ́ńsọ̀ á rí ọ́síjìn tí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì, á jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé epo ò tó, kọ̀ǹpútà á sì máa bu epo sí i. Ọlọ́kọ̀ á wá máa fura sí àwọn tó ń ta bẹntiróò. Síbẹ̀, ìyẹn ò ní ká lé jò lọ. Garawa ń jò, omi jáde; ilé ń jò, omi wọlé. Ọ̀nà méjèèjì ni jò mọ̀.

Ẹjọ́ tèmi ni pé ohun tó ń kọjá ni jò ń sọ. Kò sọ ohun tó ṣe ohun èlò náà. Ẹ lọ sí Dàda ní Òkèlélé, Ìlọrin, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò, kí ẹ gbé ìkòkò kan tó ń jò lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò ni bóyá ó sán ni tàbí ó lu. Èyí tó sán, bí a bá fi ìka kàn án, ohùn rẹ̀ á ti yàtọ̀. Èyí tó lu, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Èdè wa ti ní ìyàtọ̀ yìí kí mọ́tò tó dé, àwa wá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bò ó mọ́lẹ̀.

Páìpù tó lu, ìpẹtà ló jẹ ẹ́. Bí bẹntiróò bá ń jó, omi wà lára ohun tó ń bá èéfín jáde. Ọkọ̀ tí kì í rìn ju Tánkẹ́ sí Pósọ́fíìsì lọ, sailẹ́ńsà rẹ̀ kì í gbóná pẹ́ tó láti gbẹ. Omi á sùn sínú rẹ̀, ìpẹtà á sì máa jẹ irin láti inú bọ̀ wá síta. Ìgbà tí ihò bá fi hàn, àyíká rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ajórinmọ́rin á lẹ irin pélébé mọ́ ọn, iná á dá ihò tuntun sí etí àlẹ̀mọ́ náà. Ẹ gé e dé ibi tí irin ṣì ti le, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó sán, ọ̀rọ̀ ìmìtìtì tàbí ti iná ni. Bí ẹ́ńjìnnì sítì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, bá ti kú, ẹ́ńjìnnì á máa jó síwá sẹ́yìn, á máa fa páìpù lọ́wọ́. Bí rọ́bà tó gbé sailẹ́ńsà kọ́ bá tún já, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á wà lọ́rùn oríkèé kan. Ẹ jó o mọ́ra lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó náà ni yóò tún sán. Sítì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Mánífóòdù, irin tó ń gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnnì kó tó dé páìpù, náà a máa sán, torí ó ń gbóná, ó ń tutù, lójoojúmọ́. Ẹ gbọ́ ọ láàárọ̀ kùtù: kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Tó bá gbóná tán, irin á wú, ojú sísán á pa dé, ariwo á dákẹ́, mẹ́káníìkì tí ẹ gbé e lọ bá lọ́sàn-án á sì ní kò sí nǹkan kan.

Ojú tó ṣí ni ti gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjì tí a dè pọ̀. Ẹ fọ ojú irin méjèèjì, ẹ fi bóòtù tuntun sí i, ẹ dè é láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Omi ọṣẹ á fi ibi tó ṣí hàn: ibẹ̀ ló ti máa hó.

Ọ̀rọ̀ "èéfín" pàápàá ń kọ mí lóminú díẹ̀. Ohun tí ojú rí ni èéfín lọ́kàn wa, bẹ́ẹ̀ káábọ́ọ̀nù mónósáìdì, gáàsì olóró tó wà lára ohun tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde, ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni tí orí ń fọ́, tí oorun sì ń kùn nínú ọkọ̀ tó ti gíláàsì pa, kò ní rí èéfín kankan. Ẹ jẹ́ ká fi "èéfín àìrí" kún àkójọ wa.

Nítorí náà, kí jò wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àmì, kí lu, sán àti ojú ṣí tẹ̀ lé e. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí a bá sọ wọ́n di orúkọ, "lílu" á di "lílù" lọ́wọ́ ẹni tí kì í fi àmì ohùn sí i, wọ́n á rò pé ọkọ̀ la nà. "Àyọjáde" ń kọ́? Àbúrò, ẹ má bínú, sailẹ́ńsà tó dára pàápàá ń yọ èéfín jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó pe wẹ́dà ní ajórinmọ́rin wo ohun tó ń ṣe kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tó sọ ti ayọ́kẹ́lẹ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí sailẹ́ńsà rẹ̀ lu ti pàdánù orúkọ yẹn ládùúgbò.

Èyí tó ń padà dé ò nílò orúkọ tuntun. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò tíì wá ìdí rẹ̀.

Ní ti fléksì, páìpù kékeré tó ń rọ̀ láàárín, tó ń gba ìmìtìtì ẹ́ńjìnnì mọ́ra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Fléksì ni mẹ́káníìkì ń pè é, fléksì náà ni ọlọ́kọ̀ ń béèrè nílé ìtajà, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì í gbé.