Ìmọ̀ràn: fíìmù kàtúùnù apá kejì wo ni ó dára ju bí ẹ ti rò lọ?

Ìyá Ìbejì kọ pé:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 8, ẹ̀gbọ́n wọn ti pé 13, ìyá ọkọ mi yóò sì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Mo ń wá fíìmù kàtúùnù onídán kan tí gbogbo wa lè jọ wò. Apá kejì ni àwọn ọmọ ń béèrè, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú apá kejì tí mo ti wò, bí ọbẹ̀ àná tí wọ́n bu omi sí ni wọ́n rí. Èwo ni ó ya ẹ̀yin fúnra yín lẹ́nu?

Olùkọ́ Àgbà kọ pé:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ wá *Puss in Boots: The Last Wish*, tí ilé-iṣẹ́ DreamWorks gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Mo jẹ́wọ́ pé n kò fẹ́ wò ó rárá. Ọdún 2011 ni apá kìíní jáde. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé apá kejì dé lẹ́yìn ọdún 11, mo ní owó ni wọ́n tún ń wá. Ọmọ mi ni ó fi ipá mú mi jókòó, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi gbé fóònù mi sílẹ̀.

Ohun tí ó mú mi ni pé wọn kò fi ikú ṣe àwàdà nínú rẹ̀. Ẹ̀mí mẹ́sàn-án ni ológbò oníbàtà yìí ní, ó sì ti ń ná wọn ní ìnákúnàá bí owó tí kò ṣiṣẹ́ fún, títí agogo ńlá kan fi já lù ú, tí dókítà sì bá a ka ẹ̀mí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n rí i pé mẹ́jọ ti lọ. Lẹ́yìn náà ni ìkookò kan wá bá a ní ilé ọtí, ó mú dòjé méjì lọ́wọ́, ó ń súfèé. Akọni tí kò sá fún ẹnikẹ́ni rí rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ní iwájú orí, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìràwọ̀ kan tí ó já bọ́ láti ọ̀run ni ológbò yìí àti àwọn mìíràn ń wá kiri, nítorí pé yóò ṣe ìfẹ́ inú ẹnì kan ṣoṣo, ológbò wa sì fẹ́ fi gba àwọn ẹ̀mí rẹ̀ padà. Máàpù tí ó júwe ọ̀nà ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: bí ó bá ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ọ̀nà yóò yí padà. Ọ̀nà ológbò kún fún ewu, ṣùgbọ́n nígbà tí ajá kékeré tí wọ́n ń pè ní Perrito dì í mú, òdòdó ni wọ́n bá lójú ọ̀nà. N kò ní sọ bí ó ti parí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àwòrán kọ pé:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ojú kún un. Ọ̀pọ̀ kàtúùnù kọ̀ǹpútà ń sapá láti dà bí ayé gidi. Èyí dà bí àwòrán tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Nínú fíìmù, àwòrán 24 ni ó máa ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n nínú àwọn ìjà rẹ̀, wọ́n dín ìṣípòpadà kù kí ìdúró kọ̀ọ̀kan lè wọ ojú, bí ẹni ń ṣí ìwé ìtàn aláwòrán. Ẹni tí ó fi ohùn ṣe ìkookò náà ni Wagner Moura, òṣèré ọmọ Salvador ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil. Ohùn rẹ̀ tutù débi pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ológbò lọ.

Nọ́ọ̀sì Òru kọ pé:
Olùkọ́, òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ kò kìlọ̀ fún wọn. Ọmọ mi tí ó jẹ́ ọdún 6 kò sùn dáadáa lẹ́yìn ìkookò yẹn. Àwọn ìbejì ọdún 8 lè fara dà á bí àgbàlagbà bá jókòó tì wọ́n. Ní ti èmi, ibi tí ẹ̀rù ti bo ológbò nínú igbó, tí àyà rẹ̀ ń já, tí kò lè mí dáadáa, ni mo kà sí iṣẹ́ tí ó dára jù. Perrito kò wàásù fún un, kò sọ pé kí ó ṣe ọkàn akin. Ó kàn gbé orí lé e níkùn títí ọkàn rẹ̀ fi rọlẹ̀. Mo ti rí àwọn aláìsàn tí ó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ohun tí ó ń sọ.

Ọmọ Ìbàdàn kọ pé:
Ẹ má bínú, n kò gbà pẹ̀lú yín. *How to Train Your Dragon 2* ti ọdún 2014 ni kí wọ́n wò. Ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé ti dàgbà sí i ní ọdún márùn-ún, ó rí ìyá tí ó rò pé ó ti kú, wàhálà tí kò ṣe é tún ṣe sì ti ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ wá. Wọ́n yan fíìmù méjèèjì yìí fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar, kò sì sí èyí tí ó gbà á, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn dá wa lẹ́jọ́.

Olùkọ́ Àgbà kọ pé:
Àbúrò, fíìmù gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wo apá kìíní kò ní mọ ìdí tí ọ̀fọ̀ náà fi dun àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ti ológbò kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Màmá lè jókòó sí i láìmọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì kọ pé:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti ológbò ni a ó wò, a ó sì fi ti dírágónì pa mọ́ fún ẹ̀gbọ́n wọn. Ọ̀sán Sátidé ni mo fi sí, nítorí pé ìyá ọkọ mi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni súfèé nínú ilé lálẹ́, n kò sì mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún wọn pé inú tẹlifíṣọ̀n ni ó ti wá.