Fóònù ò fẹ́ fi Wi-Fi pálọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi). Wi-Fi pálọ̀ wa kì í dé yàrá màmá mi lẹ́yìn, ògiri ti nípọn jù. Mo fa wáyà Ethernet gba òkè àjà, mo ki orí rẹ̀ bọ ihò LAN (ti àwọn ẹ̀rọ inú ilé) lára ráútà àtijọ́ kan (kì í ṣe WAN, ihò tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, o), mo pa DHCP rẹ̀ (ohun tó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ), mo sì fún un ní àdírẹ́sì 192.168.1.2, torí ti pálọ̀ ni 192.168.1.1. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àmọ́ tí màmá bá ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp láti pálọ̀ wọ yàrá, fóònù wọn á ṣì rọ̀ mọ́ ti pálọ̀, ohùn á máa já. Orúkọ àti páásíwọọ̀dù kan náà ni méjèèjì ń lò. Ṣé kí n dín agbára ti pálọ̀ kù ni, àbí kí n kàn yí orúkọ ìkejì padà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n ra tuntun.