Ẹ gbà mí o, àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ò fẹ́ fi káàdì sílẹ̀

Akọ̀wé_Àkúrẹ́:
Ẹ kú ilé o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Àkúrẹ́ níbí, a tó 120, àwọn ìyá ọjà ló pọ̀ jù. Ìgbìmọ̀ ní ká kúrò lórí káàdì, ká máa fi fóònù kọ owó tí wọ́n bá dá, kí álẹ́ẹ̀tì máa wọlé fún kálukú. Lójú tèmi ó dáa, torí ìṣirò ìparí ọdún nìkan máa ń gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àfi bí mo ṣe kéde ẹ̀ ní mítìn tí ilé dàrú. Màmá kan tó ń ta ata ní Ọjà Ọba tú káàdì ẹ̀ jáde nínú ìdí ìró, ó ti fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì, ó ní "Akọ̀wé, tí bátìrì bá kú, owó mi ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín o, àmọ́ látìgbà yẹn èèyàn mẹ́rìnlá ti ní àwọn fẹ́ gba owó àwọn. Ṣé ká kúkú fi tipá ṣe é ni?

Bọ̀dá_Alágbàká:
Tipá kẹ̀? Ṣé ẹ ti gbàgbé owó tuntun 2023 ni? Wọ́n ní ká kó ti àtijọ́ wá, tuntun ò sì kárí, èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí fi náírà ra náírà lọ́wọ́ oní-POS. Ẹlòmíì á ní ṣebí ọjọ́ kan ṣoṣo, 2 oṣù kẹrin 1972, ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣeé pín sí méjì, mọ́tò ò lè máa gba apá méjèèjì pọ̀. Káàdì àti fóònù lè jọ rìn fún oṣù mẹ́fà, kí ló ń lé yín? Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn, ọmọ Jámánì tó lọ gbé Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ láti 1947 pé téèyàn bá fẹ́ yí àṣà padà, á kọ́kọ́ yọ́ ohun tó ti dì, á wá sún un, á tún jẹ́ kó dì padà. Ẹ̀yin, epo ọyẹ́ tó dì gbagidi lẹ fẹ́ dà sínú ìgò.

Ìyá_Ìbejì_Ìjókà:
Akọ̀wé ọmọ mi, kì í ṣe fóònù ló ń bà wá lẹ́rù. Nínú ẹgbẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀, akápò sá lọ, àwọn tí káàdì wà lọ́wọ́ wọn nìkan ló rí nǹkan gbà. Ẹ̀rí wa lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa yẹn. Ta lẹ tiẹ̀ bi kẹ́ẹ tó pinnu? Lọ bá màmá aláta yẹn nídìí igbá ẹ̀, má dúró de mítìn, kó o sì ra ata o.

Akọ̀wé_Àkúrẹ́:
Mi ò ní parọ́, àwa márùn-ún la jókòó, ìyá ọjà kankan ò sí níbẹ̀.

Mo padà dé o. Mo lọ láàárọ̀ yìí, mo ra ata. Ìgbà tó kù àwa méjì màmá ní nọ́ńbà tóun fún wa, ti ọmọ òun obìnrin ni, òun ò sì fẹ́ kó máa rí iye tóun ní, torí ọjọ́ tó bá mọ̀ ni yóò wá yá a. Bátìrì kọ́ rárá! Ṣé ó wá lè sọ ìyẹn láàárín èrò?

Ìyá_Ìbejì_Ìjókà:
Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ máa fi káàdì kọ tiẹ̀ lọ jàre, kẹ́ẹ sì rọra bi àwọn mẹ́rìnlá yẹn níkọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ta ni wọ́n fún yín.