Camry 2004 tó ń gbóná lójú ọ̀nà: wọ́n ti yọ tẹ́mọ́sítáàtì, omi ṣì ń dínkù

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ àti ẹ̀yin mẹkáníìkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ Camry mi yìí kí wọ́n tó fi jẹ mí lówó tán.

Big Daddy ni, ọdún 2004, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì 2.4. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló lò ó kó tó kàn mí, kò sì yọ wá lẹ́nu títí di ìgbà ooru tó kọjá yìí. À ń lọ síbi ìsìnkú ní Kàbà. Bí a ṣe kọjá Abaji tí ọ̀nà là, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ni géèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo pa AC, ó rọlẹ̀. Mo tún tan AC, ó tún gòkè. Mẹkáníìkì kan tí a bá lẹ́bàá ọ̀nà ní ilẹ̀ wa gbóná jù fún tẹ́mọ́sítáàtì, àwọn òyìnbó ló ń lò ó nítorí òtútù. Ó yọ ọ́ jù nù, ó sì fi wáyà so fáànù tààrà kó lè máa yí ṣáá. Ó ní mo ti bọ́ nìyẹn.

N kò bọ́ o. Láàárọ̀ báyìí, géèjì máa ń wà nísàlẹ̀ pátá títí n ó fi dé Berger, epo tí mo ń rà sì ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú gósílóò kì í gbóná rárá. Àfi tí mo bá gbé e sí eré lójú ọ̀nà tó gùn, tàbí tó ń gun òkè tí èrò kún inú rẹ̀. Omi inú ike ń dínkù, bẹ́ẹ̀ mo máa ń tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ sùn, páálí náà á gbẹ fúrúfúrú láàárọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó ní rédíétọ̀ ni. Ẹni kejì ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni kẹta kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó ní kí n lọ ra odindi ẹ́ńjìnnì ní Zuba. Kí ni mo lè fi ojú ara mi wò kí n tó náwó?

Ọmọ Ọ̀fà, Lugbe

Rédíétọ̀ ni jàre. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀, wàhálà tán. Tí kò bá tán, ẹ tà á fún ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn.

Bàbá Oníṣẹ́, Kàdúná

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrójú. Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni mo ń jẹ ní Kàdúná láti ìgbà tí 504 tuntun ṣì ń jáde ní PAN, n kò sì tíì rí ibi tí omi ti dédé dínkù rí. Ó níbi tó ń gbà. Ibẹ̀ ni kí á wá.

Àlàyé tí ẹ ṣe yẹn ti gbà wá lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀. Ọkọ̀ tó bá ń gbóná nínú gósílóò tó sì ń tutù lórí eré, fáànù ni à ń kọ́kọ́ fura sí, torí pé lórí eré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ti ń ṣe iṣẹ́ fáànù. Tiyín yàtọ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń forí ṣe fọrùn ṣe ni ooru rẹ̀ ń borí omi. Ó lè jẹ́ pé rédíétọ̀ ti dí nínú, ó lè jẹ́ pé wọ́tà pọ́ǹpù kò lè gbé omi mọ́, ó sì lè jẹ́ pé omi gan-an ni kò pé. Nígbà tí ẹ ti ní omi ń dínkù, èyí tó kẹ́yìn yìí ni màá kọ́kọ́ dì mú.

Ọ̀rọ̀ tẹ́mọ́sítáàtì yìí máa ń bí mi nínú. Àwọn tó ṣe Camry mọ̀ pé aṣálẹ̀ wà láyé. Ní Saudi tí ooru ti ju ti Abuja lọ, tẹ́mọ́sítáàtì wà nínú ọkọ̀ wọn. Nǹkan yìí máa ń pa dé títí omi á fi gbóná tó nǹkan bíi 82°C, lẹ́yìn náà á ṣí kí omi lè gba inú rédíétọ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kì í tètè yá. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé òtútù ṣì ń mú un, á máa fún un lépo lé epo. Ohun tó ń jẹ epo yín nìyẹn, òun náà ló fi géèjì sísàlẹ̀ títí dé Berger.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, tẹ́mọ́sítáàtì ní ìrù kan lẹ́yìn. Bó ṣe ń ṣí iwájú ni ìrù yẹn ń dí ọ̀nà kékeré tí omi gbígbóná ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀. Omi tó yẹ kó lọ tutù ń já ọ̀nà àbùjá padà síbi iná. Ẹni tó ní òun fẹ́ kí ọkọ̀ tutù ló tún ń ràn án lọ́wọ́ láti gbóná lórí eré.

Ẹ ra èyí tó dára, kí ẹ sì dán an wò kí wọ́n tó fi sí i. Ẹ fi òwú so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, ẹ má jẹ́ kó kan ìdí ìkòkò. Kí omi tó hó rárá, ẹ ó rí i tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Tí omi bá hó tí kò ṣí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Fáànù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí rẹ̀wáyà tú wáyà tààrà yẹn, kó dá a padà sórí fíúsì àti rìléè tirẹ̀, kó má lọ dáná sun nǹkan. Ẹ tan AC, fáànù méjèèjì gbọ́dọ̀ yí. Ẹ wá mú ìwé pélébé kan lé ojú irin AC tó wà níwájú. Tí fáànù bá ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ìwé á lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá fẹ́ ìwé dànù, wọ́n ti yí wáyà rẹ̀ padà nìyẹn, mo sì ti rí i lára ọkọ̀ tó pọ̀. Ẹ tún wo àárín irin AC àti rédíétọ̀. Eruku ọyẹ́ àti òkú tata máa ń di ibẹ̀ pa. Omi tí kò le ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n máa tú u láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Àyẹ̀wò tó kù, ó di àárọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó tan ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí rédíétọ̀ gbígbóná láéláé, ó ti bó ojú ọ̀dọ́kùnrin kan níwájú mi. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ wo rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti ya tàbí ó ti le. Ìdérí yẹn ló ń di agbára mọ́ omi. Tó bá di í bó ṣe yẹ, omi á gbóná dé nǹkan bíi 120°C kó tó hó. Rọ́bà tó ti ya kò lè di nǹkan kan mọ́. Omi á hó, á kún inú ike, á sì dà nù. Lẹ́yìn náà ẹ bu omi kún un, ẹ tan ọkọ̀ láìdé ìdérí. Fóòmù díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Àmọ́ tó bá ń hó kùtùkùtù bí ìkòkò ẹ̀wà tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí ẹ bá tún dé ìdérí, tí rọ́bà ńlá òkè tó ń gbé omi wọ rédíétọ̀ ti le gbagidi kí ọkọ̀ tó gbóná, ẹni tó pe tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì gbà á nìyẹn. Ẹ wo ìdérí ọ́ìlì náà, bóyá nǹkan funfun bíi mílíìkì wà lábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ní apá tó kọjú sí inú ọkọ̀, níbi tí tọ́ọ̀pù ti pàdé búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá ojú omi, ìpẹtà, tàbí èérún funfun tó gbẹ mọ́ ara irin. Ẹ padà wá sọ fún mi.

Ará Bukuru, Jos

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tẹ́mọ́sítáàtì yẹn ni n kò tíì gbà tán. 504 bàbá mi kò ní in láyé rẹ̀, ó sì gbé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọọdún.

Ìyá Ìbejì, irú omi wo ni ẹ ń dà sí i? Níbí wa, ìlú ga ju mítà 1,200 lọ, omi lásán tí ẹ bá gbé kaná níta ń hó ní nǹkan bíi 96°C. Ẹni tí ìdérí rẹ̀ kò dára kì í gun òkè wá sí Jos láìdúró. Kúláǹtì gidi ni kí ẹ máa lò.

Bàbá Oníṣẹ́, Kàdúná

Ọmọ Jos, mo kí bàbá yín. 504 yẹn, kàbúrétọ̀ ló ń lò, kò ní kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè tàn jẹ. Ó tún lè jẹ́ pé epo tó ń mu kò hàn sí wa nígbà náà, torí owó epo kò tíì dà báyìí. Ọ̀rọ̀ kúláǹtì, òótọ́ lẹ sọ. Kì í ṣe híhó nìkan ló ń dènà, ó ń dènà ìpẹtà pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ o. Fáànù méjèèjì ń yí, ìwé lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Rọ́bà ìdérí ti ya ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo ti ra òmíràn. Omi kò hó kùtùkùtù, rọ́bà òkè kò tètè le, ọ́ìlì mọ́ roro.

Omi tí mo ń lò, ti àwọn mai ruwa tó ń ta omi kiri ni, ẹ máa bínú.

Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì wá ni ọ̀rọ̀. Táíwò ló bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú, òun ló kọ́kọ́ rí i. Ìlà kan tó pọ́n bí ìpẹtà ṣàn láti ìsàlẹ̀ tọ́ọ̀pù bọ̀ wálẹ̀ lára búlọ́ọ̀kù, èérún funfun sì rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì bí iyọ̀. Mo fi ìka kàn án, ó rin díẹ̀. Kí ni èyí?

Bàbá Oníṣẹ́, Kàdúná

Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn, ó sì dára tí ẹ rí i kó tó ba nǹkan mìíràn jẹ́.

Àrùn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì 2.4 yìí ni, èyí tó wà nínú Camry ọdún 2002 sí 2006. 2AZ ni orúkọ rẹ̀. Álúmíníọ́ọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, bóòtù mẹ́wàá ló sì di tọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Tó bá pẹ́, tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín tí bóòtù ń fún mọ́, á jẹ nínú ihò àwọn bóòtù ẹ̀yìn, bóòtù á tú díẹ̀, tọ́ọ̀pù kò ní lẹ̀ dáadáa níbẹ̀ mọ́. Omi á máa yọ́ jáde nígbà tí agbára bá pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn lórí eré àti lórí òkè. Ẹ̀yìn yẹn gbóná, omi ń gbẹ kó tó kán sílẹ̀. Ìdí tí páálí yín fi ń gbẹ nìyẹn.

Kó tó di pé ẹ náwó, kí wọ́n fi pọ́ǹpù ìdánwò fún rédíétọ̀ tó tutù ní agbára, kí wọ́n máa wo ẹ̀yìn. Tí omi bá yọ lójú ìlà yẹn, ó ti dájú.

Ẹni tó bá ní òun á kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì kí òun tún fún bóòtù náà, ẹ sá fún un. Bóòtù kò ní rí nǹkan dì mú, kò sì ní pẹ́ tí omi á tún fi yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ da ìyẹ̀fun adíhò sínú rédíétọ̀. Rédíétọ̀ ló máa dí. Àtúnṣe tòótọ́ ni kí wọ́n sọ tọ́ọ̀pù kalẹ̀, kí wọ́n lu ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi tírẹ́ẹ̀dì onírin sínú wọn. Ihò tí kò tíì jẹ náà kò ní pẹ́ jẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó bá máa lu u gbọ́dọ̀ ní irin ìtọ́sọ́nà tó ń mú ihò dúró ṣánṣán. Ihò tó bá wọ́, búlọ́ọ̀kù ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí wọ́n tún wọn tọ́ọ̀pù bóyá ó ti tẹ̀, torí ó ti gbóná.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì Zuba kì í ṣe irọ́ pátápátá, ó tiẹ̀ lè rọrùn ju àtúnṣe lọ. Àmọ́ tòkunbọ̀ 2002 sí 2006 lè gbé àrùn kan náà wá. Tọ́ọ̀ṣì yín náà ni kí ẹ mú lọ, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Tí wọ́n bá gbé ti 2007 sí 2009 wá, tírẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ gùn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu ọ́ìlì. Èmi á tún tiyín ṣe, níwọ̀n ìgbà tí ọ́ìlì rẹ̀ ṣì mọ́.

Kó tó dìgbà náà, ẹ lè máa fi lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ wo omi láàràárọ̀. Ẹ má gbé e lọ Kàbà. Tí géèjì bá gòkè, ẹ tan híìtà ọkọ̀ dé òpin, ooru á gba inú ọkọ̀ jáde, kí ẹ sì wá ibi dúró. Tí géèjì bá gbóná tó wá já wálẹ̀ lójijì, ẹ má dúpẹ́ o! Omi ti tán lẹ́nu sẹ́ńsọ̀ ni. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á máa pọ́n iṣẹ́ yín lé. Mo rí ẹnì kan ní Apo tó ní òun ní irin ìtọ́sọ́nà yẹn, ó sì fi búlọ́ọ̀kù tó ń ṣe lọ́wọ́ hàn mí. Ó ní kí n ra gásíkẹ́ẹ̀tì, pé bóòtù àtijọ́ ṣì dára. Ṣé kí n gbà?

Bàbá Oníṣẹ́, Kàdúná

Rárá. Bóòtù tọ́ọ̀pù yẹn máa ń nà tí wọ́n bá fún un, ẹ ra mẹ́wàá tuntun. Ẹ sì bi í bóyá ó ní torque wrench, sípánà tó ń wọn bí bóòtù ṣe le tó. Tó bá ní ọwọ́ òun ti mọ̀ ọ́n, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.