"Ibi olùtọrẹ" kọ́: lórí "bù" àti "olù"

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Lánàá, ẹnìkan nínú àwa tí à ń tú ọ̀rọ̀ ìṣègùn sí Yorùbá dá "ibi olùtọrẹ" ("donor site") sílẹ̀ fún ojú ibi tí dókítà ti ń yọ iṣan ẹ̀yìn itan láti fi rọ́pò iṣan inú orúnkún tó já. Ọ̀rọ̀ náà ò bá mi lára mu rárá.

"Olù" ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Olùkọ́, olùṣọ́, olùgbàlà: ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan ni. Ta ló tọrẹ níbí? Lọ́pọ̀ ìgbà, ara ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n ti gé iṣan, òun náà ni wọ́n fún. Iṣan ọ̀hún sì máa ń hù padà lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọrẹ wo ló ń hù padà? Ẹ tún pe "ibi" létí nọ́ọ̀sì, ibi ọmọ ni yóò gbọ́. Etí aláìsàn ńkọ́? Ibi tó kọjú sí ire ni. Àmì ohùn ò sì lè yà wọ́n.

Ìyá mi ránṣọ lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán títí ojú wọn fi di bàìbàì. Bí ṣòkòtò ọmọ bá ya lórúnkún, wọn á tú etí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ sínú, wọn á bu díẹ̀ níbẹ̀, wọn á fi lẹ ojú yíya náà. Àbùlẹ̀! Ohun tí dókítà ń ṣe nìyẹn. Á la awọ díẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, lápá inú, á fa iṣan jáde, á ṣẹ́ ẹ po. "Ojú àbù" ni mo fara mọ́: ojú ibi tí wọ́n ti bu nǹkan.

Ẹni tó wá dábàá "àbùkù" fún ìṣòro tó ń tẹ̀yìn iṣan yíyọ wá, mo mọ̀ pé bù àti kù ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ lójú aláìsàn. Ọmọ àbúrò mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù l'Ógbómọ̀ṣọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Orúnkún ti san. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní, ó ní kí òun fa gìgísẹ̀ kan ìdí, kò dé ibẹ̀. Mo fi èékánná ha ojúgun rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú àpá, kò mọ̀ ọ́n lára. "Bàbá, ibẹ̀ ti kú." Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fẹ́ pe ìyẹn ní àbùkù fún un? "Àtẹ̀yìnbọ̀ àbù" tó.

Ẹni tó ní "abu" ló yẹ, torí a ń wí pé "bu omi": ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ẹ fi arọ́pò-orúkọ síbẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á padà: "bù ú". Mo kọ́ni ní Yorùbá fún ọdún 26, mi ò ní gba "abu" láéláé. Bí ẹ bá sì ní "àbù" ò lè dá dúró, àlọ ńkọ́, àbọ̀ ńkọ́?