Òòyì ń kọ́ ọmọ tí mò ń kọ́ ní fèrè, ìyá rẹ̀ sì ti fárígá

Olùkọ́ Kubwa: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti sú mi. Mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní fúlúùtù ní ọjọ́ Sátidé, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Owó tí àwọn òbí ń dá kò tó ra epo jẹnẹrétọ̀. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àfi ìgbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ ló máa ń tan tirẹ̀. Mo fara da gbogbo ìyẹn. Ọmọbìnrin kan ló wá kù tí apá mi kò ká. Kò tíì fọn ún pẹ́ tí òòyì á fi kọ́ ọ, á ní ojú òun ń ṣú. Ohùn kò sì jáde, fìì fìì lásán ni. Ìyá rẹ̀ wá dojú kọ mí lẹ́yìn ìsìn, níwájú ẹgbẹ́ akọrin, ó ní kí ni mò ń fún ọmọ òun mu. Èmi tí mo fi owó ara mi ra fèrè ọ̀hún! Etí ọmọ náà mú, kò yẹ kó fi í sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Lugbe: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Báyìí náà ni Kẹ́hìndé mi ṣe ń ṣubú ní ilé ìwé lọ́dún tó kọjá, àṣé ibà ni.

Afọnfèrè Gwarinpa: Ó dára kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n fúlúùtù fúnra rẹ̀ ń mú kí òòyì kọ́ni. Kò sí ohun tó ń dá atẹ́gùn dúró níbẹ̀. Tí ọmọ bá ń fẹ́ ẹ tagbáratagbára láìsinmi, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀, orí á fúyẹ́. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó mí bó ṣe máa ń mí. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ orí fèrè náà nìkan fún un. Kó má fẹ́ atẹ́gùn wọ inú ihò. Kó fẹ́ ẹ gba ojú ihò kọjá, bí ẹni ń fọn ìgò mínírà. Tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìdí rẹ̀, ohùn á rẹlẹ̀. Tó bá ṣí i, á lọ sókè. Ẹ gbé dígí síwájú rẹ̀ kó máa wo ètè ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni, sà?

Bàbá Nyanya: Rikọ́dà, fèrè kékeré tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń fọn, ni kẹ́ ẹ fún un. Nígbà tí mo wà ní Zaria, àwọn ọmọ Hausa tó ń fọn fèrè sarewa, ta ló kọ́ wọn? Ẹ̀yin lẹ ń mú nǹkan le.

Afọnfèrè Gwarinpa: Bàbá, rikọ́dà á kọ́ ìka, á kọ́ ọ ní kíka nóòtì. Kò lè kọ́ ètè, nítorí inú ẹnu la ń kì í bọ̀.

Bàbá Nyanya: Ìka náà kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀?

Àǹtí Karu: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà. Olùkọ́, ṣé ẹ tiẹ̀ ti lọ bá ìyá ọmọ nílé? Ẹ bínú ju bó ṣe yẹ lọ. Ọyẹ́ sì wà níta, ètè ọmọdé á ti là. Ẹ fi òrí pa á ní alẹ́, kẹ́ ẹ nù ún kúrò kó tó fọn, kó má baà máa yọ̀.

Olùkọ́ Kubwa: Màmá ọmọ ló yẹ kó wá bá mi. Rikọ́dà, rárá, ohun ìṣeré ni wọ́n ń fi í ṣe. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fọn sàsófóònù nínú ìsìn, òòyì ò kọ́ mi rí. Lóòótọ́ fèrè náà gùn díẹ̀ fún un, ó máa ń gbé ìdí rẹ̀ lé orí àga. Ọmọ ọdún 6 ni, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni.

Ìyá Ìbejì, Lugbe: Ọmọ ọdún 6! Háà, olùkọ́.

Afọnfèrè Gwarinpa: Ẹ ò sọ èyí látàárọ̀! Ríìdì sàsófóònù, pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀, ń dá èémí dúró, fúlúùtù kò ní ríìdì. Fèrè yẹn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 67, ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé ibi kọ́kọ́rọ́ tí ìka ń tẹ̀ láì yí ọrùn. Tí ọrùn bá yí, ihò á kúrò lójú ètè, ohùn ò ní dúró. Orí fèrè tó tẹ̀ padà wà, òun ló ń fa kọ́kọ́rọ́ sún mọ́ ọmọdé. Tí ẹ kò bá rí i, kó lo orí fèrè nìkan, ìṣẹ́jú 5, kó sinmi, kó tún ṣe ìṣẹ́jú 5. Eyín á hù.

Olùkọ́ Kubwa: Orí nìkan ni màá fún un ní Sátidé, ìyá rẹ̀ á sì jókòó tì í. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Wuse, ṣé ẹnì kan ti rí irú orí tó tẹ̀ yẹn rà níbẹ̀?