Ọkọ mi fẹ́ fi owó àjọ ra àgbò sàárà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Faridah, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ọkàn mi ló kún. A máa kó àjọ ní ìparí oṣù yìí. Ọkọ mi ní àgbò lòun fẹ́ fi owó náà rà, òun fẹ́ ṣe sàárà ìdúpẹ́ lọ́sẹ̀ Káyókáyó, ọdún àwa ará Ẹ̀pẹ́, nígbà tí gbogbo ẹbí bá ti wálé. Àwa tí a jẹ onílé lówó! Onílé ti wá, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wa ló dúró tì tó ń ro ẹjọ́ wa fún, kí gbogbo ilé lè gbọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọkùnrin yìí kì í bínú sí nǹkan kan mọ́. Gáàsì tán lálẹ́, "Alhamdulillahi". Táyà ọkọ̀ bẹ́ ní Ìtòìkín, ó wọlé lóru láìmú kọ́bọ̀ dání, "Alhamdulillahi". Wọ́n lé Faridah wálé nítorí owó ilé ìwé, bàbá rẹ̀ ní kó ka ohun mẹ́ta tó fẹ́ dúpẹ́ fún kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Gbogbo alẹ́ la ń ṣe é. Tó bá kàn mí, tí mi ò sọ̀rọ̀, á wò mí bíi pé mo ṣẹ Ọlọ́hun.

Ìyá ọkọ mi ti ń wá ẹni tó máa dáná. Wọn ò tíì bi mí.

Ọjà náà ò sì tà. Ọjà Olúwo ni mo wà, ẹja yíyan ni mò ń tà. Igi ìdáná ti gbówó lórí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n: èèyàn á fi iyọ̀ fọ àrọ̀ kí yíyọ̀ ara rẹ̀ lè kúrò, á ká a, á fi igi ìgbálẹ̀ gún ìrù mọ́ ọn lẹ́nu, á wá tò ó sórí àwọ̀n irin, á sì máa yí i títí tí yóò fi gbẹ. Báyìí, mi ò tiẹ̀ lè dúró pẹ́ nídìí iná mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi yan án, ó sì ń jó o.

Ṣé kí n kọ̀ láti fún un lówó náà? Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá yín.

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò

Má fún un! Ta ló ń fi gbèsè ilé ṣe sàárà? Ọdún Iléyá tó kọjá, àbúrò ọkọ mi ra àgbò láwìn kí àdúgbò má bàa sọ pé kò pa nǹkan. Ó ṣì ń sá fún ẹni tó tà á fún un títí dòní, ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà relé. San owó ilé rẹ, kó o sì sùn.

Bàbá Àdínnì

Ọmọbìnrin, o kú ìfaradà. Ṣùgbọ́n màá bá ọ wí. Ọkọ tó ń dúpẹ́ nínú ìnira, àwọn kan ń tọrọ irú rẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Ọlọ́hun sọ nínú Súúrà Ibrahim, ẹsẹ̀ 7, pé bí ẹ bá dúpẹ́, Òun yóò ṣe àlékún fún yín. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Má ṣe dènà ọpẹ́.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, iléeṣẹ́ tí ọkọ mi wà ní Odógunyàn dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì wà nínú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín níwájú ilé. Owó ọkọ̀ láti ibí dé Mile 12 di ohun tí èèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde. Lálẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, mo máa ń kọ ohun tó dára lọ́jọ́ náà sínú ìwé: ẹni tó jẹ mí ní gbèsè san án, iná dé kí ẹ̀kọ tó bàjẹ́, kò sẹ́ni tó ṣàìsàn. Ìwé yẹn ràn mí lọ́wọ́ o, mi ò ní purọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò rí ju ìlà kan kọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mú bírò fúnra mi. Ká ní ọkọ mi ló dúró lé mi lórí pé kí n kọ ọ́, mi ò bá ti fà á ya.

Ó ti ríṣẹ́ báyìí, ẹ bá mi dúpẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀ láti Ìpakodò láràárọ̀. Ẹ̀rù omi ń bà mí, àmọ́ ó ní ó sàn ju góò-síló ojú títì lọ.

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò

Bàbá Àdínnì, ẹ má bínú sí mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣé àlékún yẹn ló máa san owó ilé? Ẹ̀yin ọkùnrin á dúpẹ́ tán, obìnrin lonílé á wá bá nílé.

Bàbá Àdínnì

Ìyá Ìbejì, mi ò sọ pé kí wọ́n má san owó ilé. Ẹ ka ohun tí mo kọ dáadáa.

Awakọ̀ Ìtòìkín

Ẹ̀yin ará, ẹ sọ̀rọ̀ títí, ẹnìkan ò bi obìnrin yìí pé sàárà kí ni. Èèyàn kì í ṣàdédé ṣe sàárà. Èmi náà ń wakọ̀ Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú. Bí epo ṣe wọ́n yìí, awakọ̀ tó bá ní òun fẹ́ ra àgbò, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ṣé ìjàm̀bá ọkọ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Owó àjọ yẹn ńkọ́, ti ta ni?

Ìyá Faridah, Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ti àwa méjèèjì ni àjọ náà. Èmi ni mò ń dá a lọ́jà, òun náà ń fi tirẹ̀ kún un. Bàbá Àdínnì, mi ò ní kó má dúpẹ́ o. Ó ní ìdí tirẹ̀, mi ò sì ní kò nídìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni mi ò fẹ́. Bí sàárà yìí bá wáyé, iwájú ló máa jókòó sí, gbogbo èèyàn á máa kí i kú iṣẹ́, kú làálàá. Mi ò lè jókòó síbẹ̀.

Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rọ̀ àna ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà! Ìyàwó mi àti àbúrò mi ò kí ara wọn fún ọdún kan nítorí kúlà. Arábìnrin, má jẹ́ kí ìjà bíńtín ba ọdún jẹ́. Káyókáyó kì í ṣe nǹkan kékeré fún àwa. Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sì wá tẹ̀dó síbí, la ti ń rántí ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọdún ọpẹ́ ni. Bí ẹbí bá ti Èkó dé tí wọn ò rí ẹran, ojú á ti ọkọ rẹ.

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò

Ẹbí tó bá ti Èkó dé kó gbé àgbò dání. Arábìnrin, mo ti sọ tèmi, má fún un lówó.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Àánú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ìyá Faridah, o ní o ò lè dúró pẹ́ nídìí iná mọ́. Kí ló fà á? Ara rẹ ńkọ́?

Ìyá Faridah, Ẹ̀pẹ́

Mo bímọ ni.

Oyún náà ò tíì pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára mi. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Ó kéré, inú ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ púpọ̀, ti ọkọ mi ò sì bá tèmi mu. Àwọn awakọ̀ gáràjì rẹ̀ ló wá fún mi lẹ́jẹ̀. Àwọn kan wà nínú wọn tí mi ò mọ orúkọ wọn títí dòní. Wọ́n tún dáwó lé e.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé ọmọ náà mọ́ àyà, awọ kan awọ, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, nígbà tí mi ò lè dìde. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má tún sọ ọ́ fún mi, gbogbo ilé ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a padà sílé tí a sọ ọmọ lórúkọ, ó gbé e dání lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Èmi ni ìyá tí ọmọ yìí kọ́kọ́ mọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, tí ọmọ bá ti ń sunkún lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń gbọ́. Tí ọkọ mi bá wá ní kí n ka ohun mẹ́ta, ẹnu mi kì í ṣí.

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò

Háà! Kú ewu ọmọ, arábìnrin mi. Ọlọ́hun á dá a sí. Ọ̀rọ̀ yẹn dun èmi náà. Àmọ́ owó ilé ṣì ni mo dúró lé o.

Bàbá Àdínnì

Alhamdulillahi fún ẹ̀mí ìwọ àti ọmọ. Ìbá dára ká ti gbọ́ èyí látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi, bi ọkọ rẹ ní ohun kan: ṣé ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ nígbà tí o wà nílé ìwòsàn? Bó bá jẹ́ ẹ, kí ló sọ gan-an? Súúrà 76, ẹsẹ̀ 7, yin àwọn tó ń mú ẹ̀jẹ́ wọn ṣẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ ló máa mú ṣẹ, kì í ṣe ohun tí àwọn èèyàn fi kún un.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Àánú

Ìyá Faridah, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà púpọ̀ yìí wà lára ohun tó ń pa àwọn abiyamọ jù lọ ní Nàìjíríà. Ohun tó o là kọjá kì í ṣe kékeré. Mo fẹ́ bi ọ́: ṣé o ń rí oorun sùn nígbà tí ọmọ bá sùn? Ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́fun? Ṣé ẹkún máa ń gbọ̀n ọ́ láìnídìí? Ìbànújẹ́ ọjọ́ díẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àìsàn ni, ó nítọ̀ọ́jú. Kì í ṣe àìmoore, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan pè é bẹ́ẹ̀. Lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ọ, kó o sọ fún wọn bó o ṣe sọ ọ́ fún wa yìí.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, èéfín igi ò dára fún un rárá, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Má gbé e wá sídìí ẹja. Ọmú nìkan títí di oṣù mẹ́fà. Ìwọ náà lè gbé e mọ́ àyà báyìí, láìsí aṣọ láàárín yín, fi ìró bò yín méjèèjì. Kò tíì pẹ́ jù.

Ìyá Faridah, Ẹ̀pẹ́

Nọ́ọ̀sì, méjì nínú ìṣòro tí ẹ bèèrè ló ń ṣe mí. Ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀ ná.

Bàbá, mo bi í lálẹ́ àná. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní níwájú yàrá iṣẹ́ abẹ, òun sọ pé bí àwa méjèèjì bá jáde láàyè, òun máa bọ́ àwọn ará gáràjì ní àbọ́yó. Kò dárúkọ àgbò. Ìyá rẹ̀ ló ní àgbò ni, nítorí ojú ẹbí.

Bàbá Àdínnì

Ó ti yanjú nìyẹn. Oúnjẹ àwọn ará gáràjì ni ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Kó bọ́ wọn. Ànábì sọ pé ẹni tí kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Àwọn tó fún ọ lẹ́jẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Owó ilé kò dí ìyẹn lọ́wọ́.

Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́

Ìyá ọkọ ńkọ́? Ẹ̀ ń kọ́ ọ láti tàpá sí ìyá ọkọ.

Bàbá Àdínnì

Ọmọ rẹ̀ ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìyàwó.

Awakọ̀ Ìtòìkín

Ẹ jẹ́ n sọ ti gáràjì. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ wá, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kún. Ẹ má se ìrẹsì, ẹ se ẹ̀wà, ẹ ra búrẹ́dì, a máa jẹ ẹ́ ju àgbò lọ. Ohun kan ṣá: má rán ọkọ rẹ nìkan. Ìwọ gan-an ni kó o wá, bí ara rẹ bá ti gbé e. Mo ti fún ìyàwó ọ̀rẹ́ mi lẹ́jẹ̀ rí. Wọ́n fún mi ní míńrà àti owó, mo gbà á. Obìnrin náà fúnra rẹ̀, mi ò rí i rí. Mo ṣì máa ń bi ọkọ rẹ̀ pé báwo ni ara rẹ̀.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, Ìkòròdú

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ìyá Faridah, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ yẹn náà ńkọ́? Pè é lọ́wọ́ kan, kẹ́ ẹ jọ parí ẹ̀. Ó kàn fi ayọ̀ sọ̀rọ̀ ni, mo rò bẹ́ẹ̀.

Ìyá Faridah, Ẹ̀pẹ́

Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ jẹ́ n mí ná. Ó gbé ọmọ mi, ọmọ mi sì yè. Màá kí i, mo mọ̀ pé màá kí i. Kì í ṣe lójú èrò, kì í sì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

Mo ti sọ fún ọkọ mi pé owó ilé ló máa kọ́kọ́ jáde nínú àjọ náà, ìyókù ni ká fi ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Màá fi ẹja tèmi sí i, èyí tí kò jó. Ó ní òun gbà, àmọ́ kò tíì bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mo tún ní kó máa ka ohun mẹ́ta tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó fi èmi àti Faridah sílẹ̀ títí ara mi á fi le. Ìyẹn ni kò fèsì sí. Awakọ̀ Ìtòìkín, ẹ bá mi bèèrè orúkọ àwọn tó fún mi lẹ́jẹ̀ bí ẹ bá mọ àwọn ará gáràjì wa. Ojú ń tì mí láti béèrè lẹ́yìn gbogbo ìgbà yìí.

Nọ́ọ̀sì, ṣé mo lè lọ sí ilé ìwòsàn yẹn ní Sátidé?

Nọ́ọ̀sì Ìyá Àánú

Má dúró de Sátidé. Lọ ní òwúrọ̀ ọ̀la, mú káàdì ọmọ dání, kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n nígbà tó o bá wà níbẹ̀.